Ìwo Lára Ògiri, Ìwé Lórí Tábìlì

Ní Bad Ischl, láàárín àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Ọ́stríà, ilé tí Ọba Franz Joseph ti ń ṣọdẹ nígbà ooru ṣì dúró digbí. Ìyá rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ́ Elisabeth. Lónìí, ẹni tó bá ti sanwó lè wọlé, kí afinimọ̀nà mú un yí ká.

Ìwo ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ìwo lókè, ìwo nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ẹranko kan wà tó jọ ewúrẹ́, orí àpáta ló ń gbé, chamois lorúkọ rẹ̀. Èyí tó pé 2,000 nínú àwọn tí ọba pa, odindi ni wọ́n kì í, ó sì nà ró síbẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì ń mí. Ọdẹ tiwa náà a máa gbé agbárí ẹran kọ́ ilé, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ará ilé á jẹ nínú ẹran náà, aládùúgbò á jẹ. Kí èèyàn máa pa ẹran kí iye lè pé, n kò rí ọlá kankan níbẹ̀.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ló wá burú jù. Ibẹ̀ ni baba ẹni ọdún 83 yìí ti bu ọwọ́ lu ìwé, ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1914, tó fi kéde fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ogun ti dé pẹ̀lú Sẹ́rbíà. Nínú ọmọ ogun tirẹ̀ nìkan, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó kú. Ogun náà sì ràn kiri ayé: kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti kó ọmọ ogun Nàìjíríà lọ bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù.

Ọba yìí kì í sì ṣe ọ̀lẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jókòó ti ìwé. Bẹ́ẹ̀dì irin lásán ló ń sùn sí. Irú ẹni tí à ń fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ọmọ ni, ohun tó sì ń dùn mí gan-an nìyẹn. A ti sọ aápọn di gbogbo ìwà. Bí ọ̀gá bá ti ń tètè dé ibi iṣẹ́, tí fáìlì kì í sùn lórí tábìlì rẹ̀, a ti ní èèyàn gidi ni. A kì í béèrè ohun tó wà nínú fáìlì, tàbí ilé ta ni yóò tú bó bá bu ọwọ́ lù ú.

Ká ní èmi ni mò ń mú àlejò yí ilé náà ká, ìdí tábìlì yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Màá jẹ́ kí àwọn ọmọdé dúró pẹ́ níbẹ̀, màá sì sọ iye àwọn tó kú fún wọn, kí n tó mú wọn lọ wo ìwo kankan.