Ta Ni Ó Jẹ̀bi Sòbìà?

Ẹ̀ẹ̀rùn a máa mú gidigidi ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn. Odò a gbẹ, àwọn ará abúlé tí ó yí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ká a sì máa pọn omi adágún. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni sòbìà máa ń yọ láyé ọjọ́un: àgbẹ̀ a dùbúlẹ̀ lórí ẹní, iṣu rẹ̀ a wà nínú ebè.

Kí ni ó ń fà á? Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá tí kò jìnnà sí Òkè-Ògùn, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, láàárín 1980 sí 1990, pé inú ara gan-an ni sòbìà ti ń wá, pé ó dà bí iṣan tí a bí mọ́ ènìyàn. Kí ẹni tí yóò fi èyí rẹ́rìn-ín kọ́kọ́ rántí Galen, oníṣègùn Gíríìkì ní ọ̀rúndún kejì. Ó jogún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Hippocrates pé ohun olómi mẹ́rin ni ó gbé ara ró: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pupa àti òróòro dúdú, bí ọ̀kan bá pọ̀ jù, àìsàn dé. Galen gbọ́ ìròyìn sòbìà, kò fojú rí i, síbẹ̀ ó ní ó jọ iṣan. Ibn Sina, tí ó kú ní 1037, tọ ọ̀nà kan náà: ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́ ni ó fi ṣe orísun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń wé e jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà Yorùbá ti ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wé e. Ọwọ́ ti mọ ohun tí ẹnu kò lè ṣàlàyé.

Ẹ̀kọ́ yìí ní ẹ̀tọ́ kan tí kò ṣeé fojú rénà. Bí ó bá jẹ́ pé ara ni ó fà á, kò sí arúgbó tí a óò pè ní àjẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú omi. Ní nǹkan bí 1870 ni Aleksei Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, rí i pé kòkòrò tín-ín-tín inú omi ni ó ń gbé ọmọ sòbìà. Ìgbà náà ni ẹ̀bi wọlé: ẹni tí sòbìà yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí ó wọ adágún, ni ó ń da àrùn sí omi tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ yóò mu.

Ṣé òun ni kí á dá lẹ́bi? Ìdájọ́ náà yá jù. Ẹni tí kò ní kànga, ibo ni kí ó ti pọnmi? Ẹni tí ó mọ òtítọ́, tí ó sì ní agbára àtigbẹ́ kànga, ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Òtítọ́ yìí ti wà nínú ìwé fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí Nàìjíríà tó ka àwọn aláìsàn rẹ̀ jákèjádò ní 1988. Wọ́n lé ní 650,000. Kànga ẹ̀rọ, asẹ́ aṣọ àti ìkìlọ̀ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ogún ọdún péré ni ó gbà: ní 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i.