Ọtí àti Ẹ̀jẹ́ Ìrìbọmi

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ de Ìrìbọmi,

Ní alẹ́ Àìsùn Àjíǹde, kí omi tó kan orí yín, àlùfáà yóò bi yín bóyá ẹ kọ Sàtánì àti iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àti bóyá ẹ gba Ọlọ́run gbọ́. Ọ̀rẹ́ kò lè bá yín dáhùn. Làákàyè àti ìfẹ́-inú tí Ọlọ́run fi fún yín ni yóò dáhùn. Ohun méjèèjì yìí gan-an ni ìmutípara ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Nítorí náà ni a ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ ọtí lónìí, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Kpingni lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi tàbí ti Parakou, níbi tí ojú òbí kò ti tó yín mọ́.

Ìjọ Mímọ́ kò pe ọtí ní ohun ìríra. Olúwa wa sọ omi di wáìnì ní Kánà (Jòhánù 2), wáìnì ni a sì ń lò ní Mísà. Ṣùgbọ́n Nóà, olódodo, mu wáìnì yó, ó sì wà ní ìhòòhò nínú àgọ́ rẹ̀ (Jẹ́nẹ́sísì 9). Ohun tí ó bọlá fún ọkọ àti ìyàwó ní Kánà náà ni ó bọ́ aṣọ lára baba. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Katekísìmù tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fi lélẹ̀ ní ọdún 1992 kọ́ wa, ní ìpínrọ̀ 2290, pé ẹ̀bi ńlá ni fún ẹni tí ó mutí yó tí ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wewu lójú ọ̀nà.

Sodabi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹmu tí a fi ń pọnà rẹ̀. Agbára rẹ̀ ju ti ẹmu lọ fíìfíì. Bí májèlé tí a ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù bá sì wọ inú irú ọtí bẹ́ẹ̀, ojú kò lè rí i, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, ògógóró tí ó ní májèlé yìí fọ́ àwọn ènìyàn lójú, ó sì pa wọ́n.

Ẹni tí kò bá mu rárá kò pàdánù ohun kankan. Ẹni tí yóò bá mu, kí ó jẹun ṣáájú, kí ó pinnu ìwọ̀n rẹ̀ láti ilé, kí ó máa mu omi láàárín. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni figagbága nídìí ọtí. Ẹ má gun alùpùpù lẹ́yìn ọtí, ẹ má sì jókòó sẹ́yìn ẹni tí ó ti yó. Kọfí kì í lé ọtí lára. Àkókò nìkan ni ó ń lé e.

Èyí ni ó wúwo jù. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá mu títí tí ó fi ṣubú, ẹ má ṣe tì í mọ́ yàrá pé kí ọtí dá lójú rẹ̀. Èébì lè dí i lọ́fun, kí ó sì kú láìkígbe. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ dúró tì í. Bí ẹ bá pè é tí kò dáhùn, tí mímí rẹ̀ ń já, tí ara rẹ̀ sì tutù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wo ti ìtìjú. Aláàánú ará Samáríà kò kọ́kọ́ bá ẹni tí ó gbọgbẹ́ wíjọ́ (Lúùkù 10). Ó da òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e lọ. Ẹ wo ibi tí wáìnì tirẹ̀ lọ.

Bí ọtí bá ti di ọ̀gá lórí ẹnì kan nínú yín, kí ó má fi í pamọ́. Kí ó tọ àlùfáà tàbí katekíìsì lọ, kí ó sì rí oníṣègùn. Kò sí ẹni tí a ó lé kúrò ní ẹ̀kọ́ nítorí pé ó jẹ́wọ́.

Kí Ìyá wa ti Àrìgbò, ẹni tí ó rí àìní àwọn ará Kánà, bá wa bẹ Ọmọ rẹ̀. Àmín.

Fún àṣàrò: Ta ni nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni ó ń fẹ́ kí n dúró ti òun lọ́sẹ̀ yìí?