Ọ̀fẹ́ Yàtọ̀ Sí Ọ̀fẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàrin wa láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ̀n àti Ìdóàní, ó jọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé létí, ṣùgbọ́n àgbà ló kàn. Ọ̀rọ̀ fídíò tí a ń wò nínú ilé ni. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù nílé rẹ̀ á lọ yá káṣẹ́ẹ̀tì, á tì í bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ó parí. Lónìí, àwọn ọmọ á ti Àkúrẹ́ tàbí Èkó dé fún ọdún, wọ́n á so ohun kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, fíìmù bí ọgọ́rùn-ún á sì tò síwájú wa bí ọjà lórí àtẹ. Wọ́n á wá bi wá pé, "Mọ́mì, èwo la ó máa fi wò ó? VLC ni, àbí Kodi, àbí Plex?"

Ìbéèrè náà dára, a ó sì dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn ọmọ kì í sábà bi wá: gbogbo ohun tó tò síwájú wa yẹn, ta ló fún wa?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè yìí kì í ṣe orúkọ fíìmù. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n, wọ́n sì dà bí kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń to àwo sí. Kọ́bọ́ọ̀dù kì í se ọbẹ̀. Àwọn fídíò tó wà lórí fláàṣì tàbí lórí kọ̀ǹpútà wa ni ètò náà ń wá rí, tí ó ń tò, tí ó sì ń gbé jáde fún wa. VLC ló rọrùn jù nínú wọn. Kò sí irú fídíò tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé jáde, ó wà fún fọ́ọ̀nù, ó wà fún kọ̀ǹpútà. Kodi ni wọ́n ṣe fún ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an. Orí Xbox, ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2002, XBMC ni wọ́n ń pè é títí di 2014 tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, rìmóòtù la fi ń darí rẹ̀, ó sì tu àwa tí ojú wa ti ń rẹ̀ lára. Jellyfin dé ní 2018. Nínú tirẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo fídíò ilé, àwọn yòókù á sì máa wò ó lórí fọ́ọ̀nù wọn nínú yàrá wọn láì jẹ dátà rárá. Plex jọ ọ́, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan ló ni Plex, láti 2025 ni wọ́n sì ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ẹ̀yìn odi fẹ́ wo fídíò tó wà nílé ara rẹ̀.

Èwo ni ká mú nínú wọn? Ní agbègbè tiwa, níbi tí iná ń wá nígbà tó bá wù ú, a kò rí ìdí tí kọ̀ǹpútà kan yóò fi máa jókòó tan ní gbogbo ìgbà kí ẹni mẹ́rin lè wo fíìmù mẹ́rin ní yàrá mẹ́rin. (Ó tún ṣàǹfààní kí ilé kan jókòó wo ohun kan pọ̀, kí wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín.) VLC àti fláàṣì kan tó fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kó rẹwà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú Kodi. Ẹni tó bá sọ pé Jellyfin ló tọ́, kó kọ́kọ́ ṣírò epo jẹnẹrétọ̀ fún wa.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Microsoft ní irú ètò yìí tẹ́lẹ̀, Windows Media Center, wọ́n ń fi í sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà. Nígbà tí Windows 10 dé ní 2015, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní 2016, Funai ti ilẹ̀ Japan, iléeṣẹ́ tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, náà jáwọ́. Nítorí náà, fídíò ìsìnkú ìyá wa, fídíò ìgbéyàwó ọmọ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n sábẹ́ ètò kan ṣoṣo bí ẹni fi ọmọ sọ́dọ̀ àlejò. Ibi méjì ni kí ẹ tọ́jú wọn sí, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ tí kò gbé ìlú kan náà pẹ̀lú yín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìbéèrè kejì. Ta ló ń sanwó VLC? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé École Centrale ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1996. Ní 2001, iléèwé wọn gbà kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá lóye rẹ̀ sì lè ṣí inú rẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni Jean-Baptiste Kempf tó ń ṣáájú wọn ti sọ ní gbangba pé àwọn kan fi owó tó tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù yúrò lọ òun kí òun lè jẹ́ kí ìpolówó ọjà wọ inú rẹ̀, òun sì kọ̀. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n kéde pé iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ti gbà á sórí ẹ̀rọ wọn ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà. A kò san kọ́bọ̀ fún wọn. Kodi àti Jellyfin náà, iṣẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ ti mọ orúkọ ohun tí wọ́n ṣe yìí. Ènì ni. Nígbà tí oníbàárà bá ra gààrí kọ́ńgò méjì lọ́wọ́ wa, a máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Kò sẹ́ni tó pe ènì ní olè, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó ni gààrí ló bù ú. Ṣùgbọ́n ká ní a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wá ṣéńjì, tí oníbàárà náà ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ abọ́ wa, tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Gààrí kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀kúnwọ́ tí a ti pinnu láti fi ṣe ènì fún un gan-an ni. Síbẹ̀, a mọ ohun tí a ó pè é.

Nínú tẹlifíṣọ̀n wa, ọ̀fẹ́ méjèèjì yìí ló jókòó pọ̀. Ètò tó ń gbé fíìmù jáde jẹ́ ènì. Èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù tí wọ́n kó sínú rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ kejì. Nítorí pé ètò náà mọ́ tónítóní, tó sì ń fi àwòrán tó rẹwà síwájú fíìmù kọ̀ọ̀kan, a máa ń gbàgbé láti bi í léèrè. Láyé káṣẹ́ẹ̀tì, ojú ayédèrú máa ń hàn: bébà ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ṣí, àwòrán á máa gbọ̀n. Lónìí, ayédèrú mọ́ ju ojúlówó lọ nígbà mìíràn.

Ta wá ni ọlọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn? Ọ̀gbẹ́ni Túndé Kèlání tó gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993 àti Ṣaworoidẹ ní 1999 ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn tó ń ṣe àdàkọ ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Afọláyan ṣe October 1 ní 2014. Nígbà tí ọdún 2015 fi dé, ayédèrú rẹ̀ ti kún ìgboro, ó sì ké sí gbogbo ayé. A kì í rántí ẹni tó ran aṣọ fún wọn, onílù, aláṣè tó bọ́ wọn lóko eré, àwọn àgbà òṣèré tí a máa ń rí nígbẹ̀yìn ayé wọn tí wọ́n ń tọrọ owó ìtọ́jú. A máa ń wò wọ́n tọrọ, a ó sì mi orí. Ó yẹ ká mi orí síra wa pẹ̀lú.

Àwọn kan á sọ pé, "Fíìmù kì í dín. Bí mo bá jí iṣu, olóko kò ní iṣu mọ́. Bí mo bá da fíìmù kọ, fíìmù ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín." Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, kò sì yẹ ká fi ìbínú fò ó dá. Ẹ jẹ́ ká fi wé iṣẹ́ tí Ọ̀wọ̀ mọ̀ dáadáa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ ti ń hun aṣọ fún oyè àti fún ìsìnkú. Ká ní ìyá kan fi oṣù mẹ́ta hun aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò rí irú ọnà rẹ̀ rí. Ẹnì kan yà á ní fọ́tò, ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, irú rẹ̀ kún ọjà ní ìdá mẹ́wàá iye owó rẹ̀. Òótọ́ ni, aṣọ ìyá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn: ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò rà á ni wọ́n jí lọ.

Àwọn mìíràn á sọ pé, "A kò lówó." Èyí ló wúwo jù lọ́kàn wa, nítorí òótọ́ ni. Ọmọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà kó fíìmù sórí mẹ́mọ́rì káàdì lẹ́bàá ọ̀nà ń gba owó tó kéré púpọ̀ sí iye dátà tí a ó fi wo fíìmù kan ṣoṣo lọ́nà tó tọ́. A kò ní parọ́ pé òtítọ́ kò gbówó lérí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò tì pa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ló ń fi ọwọ́ ara wọn gbé e sórí YouTube báyìí. Ìpolówó ọjà tó ń já lu eré ló ń sanwó fún wọn, nítorí náà bí a bá mú sùúrù wo ìpolówó náà, a ti san tiwa. Mount Zion ti Ọ̀gbẹ́ni Mike Bamiloye, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1985, ti gbé ọ̀pọ̀ eré wọn síbẹ̀. Ènì nìyẹn náà. Bákan náà, bí aládùúgbò bá yá wa ní páálí fíìmù tó fowó ara rẹ̀ rà, a kò rí olè níbẹ̀: páálí kan ni, bó bá wà lọ́dọ̀ wa, kò sí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Àwọn baba ńlá wa mọ yíyá, wọ́n sì mọ jíjí.

Ní ti àpótí kékeré tí àwọn ọmọ wa máa ń mú bọ̀ láti ìlú Ọba, tí wọ́n ní ó ti "kún tán," ẹ bi wọ́n ohun tó kún inú rẹ̀. Àwọn tó ni Kodi fúnra wọn ti bínú sí àwọn oníṣòwò yẹn, wọ́n ní àwọn kò fi fíìmù kankan sínú ètò àwọn, pé orúkọ àwọn ni wọ́n ń bà jẹ́. Ní oṣù kẹrin 2017, ilé ẹjọ́ gíga àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dájọ́ lórí ẹjọ́ tó wá láti Netherlands pé títa irú àpótí bẹ́ẹ̀ lòdì sófin, kò sì gba ẹni tó ń fi í wo ohun tí olóhun kò yọ̀ǹda sílẹ̀ bí aláìmọwọ́-mẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ gba ọwọ́ Ààrẹ Muhammadu Buhari kọjá ní oṣù kẹta 2023. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín. Kò sí ọlọ́pàá tó ń bọ̀ wá yẹ fláàṣì ẹnikẹ́ni wò ní Ìfọ̀n. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi kù sọ́wọ́ wa.

Ibì kan wà tí a ti ṣe àríyànjiyàn tí a kò sì parí rẹ̀. Àwọn fíìmù Yorùbá ìgbà káṣẹ́ẹ̀tì wà tí kò sí ẹni tó ń tà wọ́n mọ́, tí ẹni tó ṣe wọ́n ti kú, tí ilé tó ń pín wọn ti tú ká. Bí ẹnì kan bá da ọ̀kan kọ sórí kọ̀ǹpútà kí ó má bàa parun, ṣé olè ni? Àwọn kan nínú wa ní olè ni, pé ọmọ olóògbé wà láyé. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé títọ́jú kì í ṣe títà, pé bí ẹni tó ni ín bá yọjú lọ́la, tó gbé e sójútáyé, kí á lọ wò ó lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ti káṣẹ́ẹ̀tì tàbí páálí tí a fowó wa rà nílé ìtajà, tí a wá dà kọ sórí fláàṣì nítorí pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ọkàn wa balẹ̀ lórí ìyẹn níwọ̀n ìgbà tí kò bá jáde kúrò nínú ilé.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá tún dé, a dábàá pé kí ẹ gba rìmóòtù lọ́wọ́ wọn fún wákàtí kan, kí ẹ jọ máa lọ lórí fíìmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa béèrè ibi tó ti wá. Àwọn kan á pa rẹ́. Ariwo á sọ, pàápàá bó bá kan èyí tí Màmá àgbà fẹ́ràn. Ẹ wò ó bóyá ẹni tó ni ín ti gbé e sórí YouTube kí ẹ tó pa á rẹ́, kí Màmá má bàa sunkún. Àwọn tó bá sì ní káṣẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú lábẹ́ ibùsùn, ẹ̀rọ VHS tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀ mọ́, ọ̀rinrin sì ń ba ọ̀já inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ wá ẹni tó lè dà á kọ fún yín kí òjò tó dé.