Ẹ̀bẹ̀ Kì í Ṣe Àṣẹ: Àròjinlẹ̀ lórí Ìkúnlẹ̀ Didier Drogba

Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ̀bẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Omdurman, ní ilẹ̀ Sudan, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005, kò fi ṣàjèjì sí àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Abidjan.

Abidjan yìí ni a bí Didier Drogba sí ní ọdún 1978. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹbí ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, Côte d'Ivoire borí Sudan pẹ̀lú àmì ayò 3 sí 1, wọ́n sì yege fún Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 ti pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì. Drogba gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ àríwá àti ọmọ gúúsù, kúnlẹ̀, wọ́n bẹ àwọn tó ń jà pé kí wọ́n sọ ohun ìjà sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé agbábọ́ọ̀lù ló parí ogun. Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Inú 'ṣẹ' ni 'àṣẹ' ti jáde. Ohun tí aláṣẹ bá wí gbọ́dọ̀ ṣẹ. Ní ti ẹ̀bẹ̀, ọwọ́ ẹni tí a bẹ̀ ni ó kù sí. Laurent Gbagbo àti Guillaume Soro ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Ouagadougou ní oṣù kẹta ọdún 2007. Ní oṣù kẹfà, ikọ̀ náà gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké, ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọ́n sì fi àmì ayò 5 sí òdo na Madagascar. Síbẹ̀, ìdìbò ọdún 2010 tún dá ogun sílẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 3 ènìyàn ló kú. Bí a bá ní Drogba ló mú àlàáfíà wá, a ó di ẹ̀bi ogun kejì rù ú pẹ̀lú. Olóòótọ́ kan kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni iyì ìkúnlẹ̀ náà? Ohùn rere ní í yọ obì lápò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni obì ni yóò pa á. Ẹni tí gbogbo ìlú ń gbé ga ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ó fi ìyìn tirẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìwà ni ìyẹn, kì í ṣe agbára. Drogba fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018. Nígbà tí ó du ipò ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọdún 2022, àwọn olùdìbò kò yàn án. Èyí kò sì gba iyì Omdurman lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àkókò ogun, àwa àlejò mọ bí ó ti rí kí a máa fi orúkọ àti ahọ́n ṣọ́ ènìyàn. A kò lè ṣàìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi oríkì ẹlẹ́bẹ̀ bo gbèsè aláṣẹ mọ́lẹ̀.