Àjọbí àti Àjọgbé: Ọmọbìnrin Kékeré Nínú Ilé Àwọn Òbí Tí Ń Re Èkó Lójoojúmọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ àti àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn ti ń yiiri wò láti ayébáyé, tí ìgbé-ayé àwọn ará Mowé, Ìbafọ̀ àti Ifọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti sọ di ọ̀ràn ojoojúmọ́: ṣé ẹni tó ń pèsè fún ọmọ ló ń tọ́ ọmọ, àbí ẹni tó ń bá ọmọ gbé? Mowé àti Ìbafọ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Ifọ̀ ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí ojú irin àtijọ́, èyí tó wọ Ìbàdàn ní 1901, gbà kọjá. Ọ̀wọ́n ilé ní Èkó ló lé ọ̀pọ̀ ìdílé wá sí àwọn ìlú wọ̀nyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò bá wọn wá. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni bàbá, àti ìyá pẹ̀lú nínú ọ̀pọ̀ ilé, ti wà ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí Berger tàbí Òṣòdì ní Èkó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà, bí èyí tó máa ń wà ní Kara àti Long Bridge lójú márosẹ̀, a sì dá wọn dúró ní ìrọ̀lẹ́ títí oorun yóò fi gbé àwọn ọmọ lọ. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà tàbí méje tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì láìfojú kan bàbá rẹ̀ ní ojúmọmọ.

Akínsọlá Akìwọwọ, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi ọ̀rọ̀ méjì tó ti wà lẹ́nu àwọn Yorùbá ṣe òpó fún àlàyé rẹ̀ lórí bí àwùjọ ṣe ń dúró. Èkíní ni àjọbí, ìyẹn okùn ẹ̀jẹ̀ tó so àwọn tí orísun wọn jẹ́ ọ̀kan pọ̀. Èkejì ni àjọgbé, ìyẹn ìdè tó ń ti inú gbígbé pọ̀ wá. Àjọbí kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó wà, nítorí ọmọ jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀ bí bàbá náà tilẹ̀ wà ní òkè òkun. Àjọgbé kò rí bẹ́ẹ̀. Jíjẹun pọ̀, jíjókòó pọ̀ àti rírí ara ẹni lójoojúmọ́ ló ń mú un dúró, bí a bá sì pa á tì, yóò gbó. Nínú agbo ilé àtijọ́, àwọn méjèèjì wọnú ara wọn débi pé kò sí ẹni tó nílò láti yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé ọmọbìnrin ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, ó sì ń gbé oúnjẹ lọ bá bàbá rẹ̀ lóko. Jíjìnnà ibi iṣẹ́ sí ilé ló yà wọ́n. Ohun tí àròkọ yìí dúró lé ni pé gbèsè tí òbí jẹ ọmọ, lójú ẹ̀sìn àti lójú làákàyè, gbèsè àjọgbé ni, owó kò sì lè san án tán, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó, bó sì ti wù kí ó mọ́ tó.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú gba èrò yìí, nítorí àwọn ìwé ẹ̀sìn fúnra wọn gbé ìpèsè ga. Nínú ìwé kìn-ín-ní sí Tímótì, ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ni a kà sí ẹni tó burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Nínú àwọn hádíìsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad, owó tí ènìyàn bá ná lórí àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú èrò àtirí ojú rere Ọlọ́run ń di sàárà fún un. Bàbá tó jí ní aago mẹ́rin kí owó ilé-ìwé lè pé kò sá fún ọmọ rẹ̀. Ìjọsìn ni ohun tó ń ṣe, ẹni tó bá sì bá a wí láìmọ iye tí wọ́n ń gba owó ọkọ̀ àti iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì kò ṣe ìdájọ́ òdodo.

Síbẹ̀, àwọn ìwé kan náà ń béèrè ohun mìíràn. Ìwé Diutarónómì, ní orí kẹfà, pàṣẹ kí òbí máa fi òfin Ọlọ́run kọ́ ọmọ, ó sì dárúkọ ìgbà mẹ́rin tí ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ wáyé: nígbà tí òbí bá jókòó nínú ilé, nígbà tí ó bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí ó bá dìde. Ẹni tó bá mọ Ìbafọ̀ yóò ti rí ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀. Ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gan-an ni ìrìn-àjò Èkó gbà lọ́wọ́ òbí, nítorí inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí, kò sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ́nà, ọmọ ti sùn kó tó dùbúlẹ̀, ọmọ kò sì tíì jí nígbà tó dìde. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé òfin náà kò mẹ́nu kan ọjọ́ àjọ̀dún níbẹ̀. Àwọn wákàtí tí kò ní ayẹyẹ kankan nínú ni ó yàn fún iṣẹ́ ńlá yìí.

Ẹ̀rí ti àwọn Mùsùlùmí kò yàtọ̀. Nínú àkójọ hádíìsì Muslim, a rí ìlérí fún ẹni tó bá tọ́ ọmọbìnrin méjì títí wọ́n fi bàlágà, pé ẹni náà àti Ànábì yóò súnmọ́ ara wọn ní Ọjọ́ Àjíǹde gẹ́gẹ́ bí ìka méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Àkójọ Bukhari àti ti Muslim sì jọ sọ pé Ànábì kírun nígbà kan tó gbé Umamah, ọmọbìnrin kékeré tí Zaynab ọmọ rẹ̀ bí, dání; bó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, yóò gbé e sílẹ̀, bó bá dìde, yóò tún gbé e. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣàlàyé irú ìṣísẹ̀ tí kò ba ìrun jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀: ní àárín ìrun, tó jẹ́ òpó ẹ̀sìn, àyè wà fún ọmọbìnrin kékeré, kò sì sẹ́ni tó ní kí ó lọ dúró síta.

Èrò Yorùbá ìṣẹ̀ǹbáyé gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibì kan náà. Orí, nínú èrò yìí, kì í ṣe agbárí nìkan. Ó tún jẹ́ orí inú, ìyẹn ìpín tí ẹ̀dá yàn ní ọ̀run kó tó wá sáyé. Odù Ifá tó ń jẹ́ Ogbègúndá sọ ìtàn Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí wọ́n jọ ń lọ yan orí nílé Àjàlá Alámọ̀, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà síbì kankan, ìbáà ṣe ilé bàbá wọn. Àwọn méjì tó lọ tààrà yan orí tó dára lójú, ṣùgbọ́n tí kò jinná, òjò sì jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà; Afùwàpẹ́, tó dúró nílé bàbá rẹ̀ títí tí wọ́n fi dífá fún un tí wọ́n sì fún un ní iyọ̀ àti owó, ló fi wọ́n rí orí rere mú. Nítorí ìpín ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí ìtàn yìí, wọn kì í sì tẹnu mọ́ ìdúró nílé bàbá. Bẹ́ẹ̀ ìdúró náà ni ó so èso.

Nínú ilé òde òní, kò sí ibi tí èrè irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ti hàn tó ibi tí wọ́n ti ń dirun fún ọmọbìnrin. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní agbègbè yìí ló ń ya irú irun kan sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùkú lọ́sẹ̀ yìí, kọ̀lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà ọ̀sán Sátidé tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú di àkókò tí ìyá yóò jókòó sórí àpótí, tí ọmọ yóò jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè dìde nínú wọn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Orí tí ọmọ náà yàn lọ́run ni ìyá ń fi òòyà yà lélẹ̀ yẹn. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń sọ ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, níbẹ̀ ni ó ti ń béèrè ibi tí ìyá àgbà tó kú lọ, bóyá Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà tí a kò sọ síta, àti ìdí tí ọmọ aládùúgbò fi lọ́mú tí òun kò sì tíì ní. Bí wọ́n bá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ onídìrí, irun yóò dára, ó ṣeé ṣe kó dára ju ti ilé lọ, ṣùgbọ́n onídìrí ni yóò gbọ́ àwọn ìbéèrè náà. Bàbá tí kò mọ irun dì lè jókòó tì wọ́n, kí ó máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àmì ìdàgbàsókè pẹ̀lú, ìyẹn àwọn ohun tó ń fi hàn pé ọmọ ti kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn, gba àlàyé. Àwọn kan wà tí wọ́n ní ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà: ayẹyẹ jíjáde ní jẹ́léósinmi, tí àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ń wọ ẹ̀wù gbọọrọ àti fìlà bí àwọn ọmọ yunifásítì, wólíìmọ́, tó jẹ́ ayẹyẹ píparí Kùránì ní ilé-kéwú, ìdánwò àṣejáde ìwé mẹ́fà. Òbí lè gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí wọn. Àwọn mìíràn kì í dá ọjọ́. Eyín tó mì títí tó fi yọ, tí ọmọ jù sórí òrùlé kí aláǹgbá má baà rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ ka orúkọ ara rẹ̀ lára ìwé. Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbà títí di ìrọ̀lẹ́. Irọ́ àkọ́kọ́ tí ó pa tí ó sì padà wá jẹ́wọ́: kò sí ẹni tó ń rí ìwọ̀nyí bí kò ṣe ẹni tó wà nílé. Láyé àtijọ́ pàápàá, ojú àgbà ni wọ́n fi ń wọn ìdàgbà ọmọ: nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955, ọmọ tí wọn kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n ń ní kí ó gbé ọwọ́ kọjá lórí kí ó fi kan etí kejì, bí ọwọ́ náà bá sì kan etí, ó ti tó ilé-ìwé í lọ. Ìwọ̀n náà kò péye, ṣùgbọ́n ó fi dandan lé e pé kí àgbà kan dúró kí ó sì wo ọmọ.

Èyí tó wúwo jù nínú àwọn tí kì í dá ọjọ́ ni ìgbà tí ọmọbìnrin kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù. Lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, láti ọjọ́ náà ni ìrun àti ààwẹ̀ ti di ọ̀ranyàn fún un, tí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sì di tirẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án, ó lè di mẹ́tàlá, ó sì lè jẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí ìyá wà ní Òṣòdì. Ọmọ tí ìyá ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú kò ní bẹ̀rù. Ọmọ tí wọn kò bá sọ ohunkóhun lè rò pé òun fẹ́ kú.

A lè sọ pé igba ojú ló ń tọ́ ọmọ, pé ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti olùkọ́ lẹ́sìn (ẹ̀kọ́ àfikún) lè dí àlàfo náà. Òótọ́ wà níbẹ̀, ìdílé tó bá ní ìyá àgbà nílé ní ọrọ̀. Àmọ́ igba ojú náà kò sí nínú ọ̀pọ̀ àwọn ilé tuntun Mowé, níbi tí olúkúlùkù mọ odi yí ilé rẹ̀ ká tí aládùúgbò kò sì mọ orúkọ ọmọ tó ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Bí igba ojú bá tilẹ̀ wà, ohun kan wà tí òbí kì í fi rán ẹlòmíràn: nínú Ìhìnrere Máàkù, Jáírù, olórí sínágọ́gù, kò rán ẹnikẹ́ni nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún méjìlá ń kú lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wólẹ̀. Lẹ́yìn tí Jésù sì jí ọmọ náà dìde, ó pàṣẹ pé kí wọ́n fún un ní oúnjẹ jẹ.

Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kan náà ni àwọn ibi ìjọsìn ńlá wà: ìlú Ìràpadà ti ìjọ Ìràpadà nítòsí Mowé, ìlú àdúrà ti ìjọ Òkè Iná nítòsí Ìbafọ̀, àti ibùdó NASFAT, ẹgbẹ́ àdúrà àwọn Mùsùlùmí, ní Asẹ́sẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló ń rí okun gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá ti jẹ́ ti Èkó, tí òru ọjọ́ Ẹtì di ti ìṣọ́ òru, tí òwúrọ̀ Sátidé di ti ìpàdé, tí ọjọ́ Àìkú sì di ti ìsìn tàbí àsàlátù láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò sí ìgbà mẹ́rin tí Diutarónómì dárúkọ mọ́. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ yìí ń lọ sọ́dọ̀ àwọn pásítọ̀, àwọn àfáà àti àwọn alága ẹgbẹ́ àdúrà àdúgbò láti Ìbafọ̀ dé Ifọ̀: kí wọ́n fi ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ fún àwọn ìdílé, kí wọ́n má ṣe fi ìpàdé kankan sí i, kí wọ́n sì sọ ọ́ lórí àga ìwàásù àti lórí mímúbárì pé ẹni tó jókòó sílé dirun fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sán yẹn kò pa ìjọsìn jẹ.