Ta Ló Di Ẹrù Màmá?

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn mú ìyá rẹ̀ lọ sílé ìtọ́jú arúgbó, irú èyí tó wà ní Yábàá l'Ékòó? Ṣebí bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Màmá àgbà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé. La bá di ẹrù wọn. Aṣọ tuntun la kó; wọ́n tú u, wọ́n fi fìlà Bàbá sí i. Wọ́n ní, “Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, òwe ò sọ ibi tí òkété ń gbé. Ọmú ló sọ. Bí a bá ń lọ wo Màmá déédéé, ọmú náà nìyẹn. Àmọ́ ká máa palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ bí ẹni ń pín ogún, lójú ayé wọn? Ẹ̀ṣẹ̀ wa nìyẹn.