Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Onígbàgbọ́ Máa Yìnbọn Ṣeré?



Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, bàbá kan nínú ìjọ wa níbí ní Kàdúná dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọ́n na fóònù wọn sí mi, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi wo ohun tí ọmọ yìí fi ránṣẹ́." Fídíò ni. Ọmọ wọn ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ló dúró níwájú bébà kan tí wọ́n ya òrùka òrùka sí. Ó di etí méjèèjì, ó ń yin ìbọn ìléwọ́ kékeré kan. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé eré ìdárayá tuntun tóun ń ṣe nìyẹn, òun sì fẹ́ ra tòun. Bàbá bi mí pé, "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nìyí?"

Mi ò dáhùn lọ́jọ́ náà, torí mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti ń bọ̀. Àwa tí a wà ní Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2000 kì í fi ìró ìbọn ṣàwàdà. Bàbá yìí kó àwọn ọmọ wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà náà, wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ bo etí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà yẹn, ló di nọ́ọ̀sì inú fídíò yìí.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo pe ọmọ náà.

Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní, "Pásítọ̀ sà, kì í ṣe ìbọn tí wọ́n fi ń jagun o." Ọta tí wọ́n ń pè ní .22 ni ìbọn náà ń lò. Láti àwọn ọdún 1880 ni irú ọta náà ti wà. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 5.6 lọ, òjé orí rẹ̀ kò sì wúwo tó gíráàmù 3. Owó rẹ̀ kò wọ́n, kì í ta ọwọ́ ẹni sẹ́yìn púpọ̀, nítorí náà ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní máa bẹ̀rù rẹ̀. Ó ní mẹ́ta lòún ń yẹ̀ wò: Ruger Mark IV, Browning Buck Mark, àti Smith & Wesson Victory. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sún mọ́ kílò kan, torí pé irin ẹnu wọn nípọn, ìwúwo yẹn ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Mark IV ní ohun kan tí wọ́n máa ń tẹ̀ tí ìbọn á fi ṣí fún nínù. Àwọn Ruger tó ṣáájú rẹ̀, títò wọn padà a máa fún èèyàn ní wàhálà. Ṣùgbọ́n kò tíì ra ìkankan. Ní pápá ìyìnbọn, wọ́n ń fi ìbọn yáni, kí èèyàn lè mọ èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ó ní, "Bí bàtà ni, sà. Èyí tó wọ ẹnìkan lẹ́sẹ̀ lè máa ha ẹlòmíràn." Ó rán mi létí pé àwọn obìnrin ń fi ọta .22 yìí díje ní Òlíńpíìkì láti mítà 25. Ní ìpele àkọ́kọ́, òrùka àárín bébà tí wọ́n ń yìn kò fẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà 5 lọ.

Mo wá bi í pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ìbọn? Ṣé kò sí bọ́ọ̀lù ní Houston ni?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ìró náà ti ń lé mi. Tí ẹnìkan bá pa ilẹ̀kùn dé gbàà, mo máa fò ni. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ mú mi lọ sí pápá, wọ́n ní kí n mí, kí n dá èémí dúró díẹ̀, kí n rọra fà á. Ó dún. Èmi ni mo ní kó dún. Mi ò fò."

Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà, ohun mẹ́ta ni mo sì rí nínú rẹ̀.

Èkínní, wo ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 20. Àwọn ọmọkùnrin 700 kan wà nínú ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì, tí wọ́n ń lo ọwọ́ òsì. Wọ́n lè fi kànnàkànnà sọ fọ́nrán irun kan láìtàsé. Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìsìn pé ọ̀rọ̀ tó dúró fún "tàsé" níbẹ̀ ní èdè Hébérù, gbòǹgbò kan náà ló ní pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹ̀ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà dópin. Lẹ́yìn àwọn ìkà Gíbíà, tí wọ́n ti fìyà jẹ obìnrin kan títí ó fi kú, ni àwọn ọ̀jáfáfá yìí dúró sí. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀yà wọn parun. Ọwọ́ wọn kò tàsé, ẹsẹ̀ wọn ló tàsé. Nítorí náà, mímọ̀-ọ́n-yìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọni di olódodo. Ibi tí èèyàn dúró sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Èkejì, Òfin Mósè ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lọ́rùn ilé náà. Ilé kíkọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àìbìkítà ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìbọn .22 kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ọta rẹ̀ lè rìn ju máìlì kan lọ ní gbangba, ó sì ń pani. Ọmọ méjì ni arákùnrin yìí ní nílé, àgbà inú wọn kò tíì ju ọdún 6 lọ. Mo ní kó ra àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ kó tó ra ìbọn, kí ọta sì máa gbé ibòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ka òfin pápá wọn fún mi: ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ bàjẹ́, má fi ìka síbi tí wọ́n ń fà títí wàá fi fojú sun àmì, mọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà. Mo ní ìgbátí rere nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló le jù, ìyẹn ni ọmọnìkejì wa. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí ẹran tí òun lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ bá máa mú arákùnrin òun kọsẹ̀, òun á yẹra fún un. Ní ọdún 1996, ní ìlú Dunblane ní Scotland, ọkùnrin kan tó ní ìwé àṣẹ ìbọn wọ ilé ẹ̀kọ́, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Ìbọn .22 kọ́ ló lò. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 1997 fi máa parí, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti fi .22 pàápàá kún àwọn ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aráàlú. Àwọn tó ń yin bébà lásán fẹ̀hónú hàn pé ẹlòmíràn ló ṣẹ̀, àwọn ni wọ́n ń jẹ wá níyà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ tún ni pé àwọn òbí Dunblane kò lè gbọ́ ìró yẹn bí eré mọ́.

Mi ò sọ pé kí Amẹ́ríkà ṣe bíi Gẹ̀ẹ́sì o. Òfin Texas gba arákùnrin yìí láyè. Tiwa níbí kò gbà á: òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ sí èèwọ̀, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi àròkọ yìí ṣe àwáwí láti tọ́jú nǹkan sábẹ́ ìrọ̀rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀tọ́ ọmọ ní Houston kò pa ọgbẹ́ bàbá rẹ̀ ní Kàdúná rẹ́.

Nítorí náà mo sọ fún ọmọ pé, "Má fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn mọ́. Sọ ohun tí o sọ fún mi fún wọn." Mo tún sọ fún un pé, "Ọjọ́ tí o bá gbé e sókè, tí kì í ṣe bébà lò ń rí mọ́, tó jẹ́ ojú ẹnìkan lò ń rí, dá a padà fún ẹni tó tà á fún ọ. Eré ti parí nìyẹn."

Mo lọ bá bàbá nílé. Mo ní, "Bàbá, mi ò lè pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ yín kò fi òru yẹn ṣeré. Òru yẹn ló ń bá jà." Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?" Mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ti sọ tiyín fún un?"

Ó ti ra àpótí náà. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ló tó ra Mark IV. Bàbá kò tíì fẹ́ rí ìbọn náà sójú, mi ò sì fipá mú wọn. Àwòrán bébà nìkan ni ọmọ ń fi ránṣẹ́ báyìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo bá bàbá lórí ìjókòó wọn, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n ń ka iye ihò tó bọ́ sí àárín.

Kí Olúwa kọ́ wa láti mọ ohun tó tọ́ sí wa, kó sì fún wa ní ìfẹ́ tó ju ẹ̀tọ́ lọ. Àmín.